Ẹdun Arinlẹ̀ Tó Ń Béèrè Owó Ọba

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì ọdún 2015, ilé gbàǹjo Artcurial gbé Ferrari kan síta fún èrò ní ìlú Paris. Wọn kò fọ̀ ọ́. Eruku ọ̀pọ̀ ọdún ṣì bò ó látòkè délẹ̀, nítorí abẹ́ òkìtì ìwé ìròyìn ni wọ́n ti bá a nínú gáréèjì kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. 250 GT SWB California Spider ti ọdún 1961 ni, ó sì ti fìgbà kan jẹ́ ti Alain Delon, òṣèré sinimá tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé. Nígbà tí wọ́n ro owó iṣẹ́ ilé gbàǹjo mọ́ ọn, owó rẹ̀ dé mílíọ̀nù 16.3 yúrò.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ilé gbàǹjo Gooding ta irú ọkọ̀ náà mìíràn ní Pebble Beach, California. Èyí ń dán gbinrin ní tirẹ̀. Mílíọ̀nù 16.83 dọ́là ni wọ́n san lé e. Ẹni tó bá ṣírò bí yúrò ṣe ń ṣẹ́ sí dọ́là lọ́dún náà yóò rí i pé eléruku ló gbówó lórí ju èyí tó ń dán lọ.

Roger Baillon ló ni ọkọ̀ eléruku yẹn tẹ́lẹ̀, òun àti ọkọ̀ 58 mìíràn tí wọ́n tà lọ́jọ́ náà. Oníṣòwò ọkọ̀ akẹ́rù ni Baillon, kì í sì í ṣe aláìbìkítà. Ó ní in lọ́kàn láti fi àwọn ọkọ̀ náà ṣí mùsíọ́ọ̀mù, àmọ́ òwò rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Wọ́n ta díẹ̀ lára wọn láti fi san gbèsè, ìyókù sì wà lábẹ́ páànù tí òjò ń fẹ́ sí, tí ewéko ń fà gba ojú gíláàsì wọn. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí gbàǹjo, nǹkan bí mílíọ̀nù 25 yúrò ni wọ́n rí níbẹ̀.

Ibi tí wàhálà ti wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Àwọn tó ra ọkọ̀ Baillon mọ ohun tí wọ́n ń rà. Àwọn tó ka ìròyìn rẹ̀ nílé ni ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ lójú. Ọkùnrin tó ní Maserati tí koríko ti hù yọ láàárín táyà rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tó ti ń bẹ ẹni tí yóò bá a wọ́ ọ kúrò tẹ́lẹ̀, wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ìṣúra. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi eruku sílẹ̀ lójú gíláàsì, ó sì kọ iye kan sábẹ́ rẹ̀ tí ẹni tó mọ ọkọ̀ yóò fi ya ẹnu sílẹ̀.

Èdè tí wọ́n fi ń polówó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ju mélòó kan lọ. “Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a gbé e kalẹ̀.” Òótọ́ ni, gbogbo ọkọ̀ tó wà láyé ló ń ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. “Kò wọ́pọ̀.” Ohun tí kò wọ́pọ̀ lè jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò wá. “Iṣẹ́ díẹ̀ ló kù.” Bí iṣẹ́ náà bá kéré tó bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣe é tán owó ọkọ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́ta, kí ló dé tí ẹni tó ni ín kò ṣe é kó tó tà á?

Kí wá ni àwọn olówó ń rà ní gbàǹjo gan-an? Ẹ jẹ́ ká wo ti Monterey, California, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023. RM Sotheby's kó Ferrari 20 síta níbẹ̀, àkójọ ẹnì kan ṣoṣo, tí ìjì líle Charley ti wó ilé lé lórí ní Florida lọ́dún 2004. Èyí tó gba ẹnu èèyàn jù nínú wọn ni 500 Mondial ti ọdún 1954. Ọkọ̀ eré ìje ni, Pinin Farina ló ṣe ara rẹ̀, ó sì sáré Mille Miglia ní Ítálì lọ́dún tí wọ́n ṣe é. Ní àwọn ọdún 1960 ni iná jó o. Ara rẹ̀ tó kù kò ju páànù tó fọ́, tó ká kò, tí iná ti jẹ apá kan rẹ̀ lọ. Kò sí ibi téèyàn yóò jókòó sí, kò sí iná iwájú, kò sí gíláàsì. Ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ lè rò pé wọ́n gbé e wá láti ibi tí wọ́n ti ń ra irin àlòkù ni. Wọ́n tà á ní $1,875,000.

Nọ́ḿbà tó wà lára ṣáásí ni wọ́n rà. Ferrari ṣe 500 Mondial níwọ̀nba, ìwé sì wà tó sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti sáré, ẹni tó wà á àti ipò tó gbà. Ìrìn-àjò Mille Miglia ìrántí tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún lóde òní kì í gba ọkọ̀kọ́kọ̀. Irú ọkọ̀ tó kópa láàárín ọdún 1927 sí 1957 ló ń gbà. Ẹni tó bá ní nọ́ḿbà yẹn lọ́wọ́ lè kó o lọ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Modena, kí wọ́n ṣe ara tuntun lé e lórí, kí ilé iṣẹ́ Ferrari yẹ̀ ẹ́ wò, kó fún un ní ìwé ẹ̀rí. Owó tí wọ́n fi ṣe é lè pọ̀ púpọ̀, àmọ́ owó tí ọkọ̀ náà yóò pa nígbà tó bá parí yóò tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣirò náà jáde.

Bákan náà ni Bugatti 57S Atalante tí wọ́n bá nínú gáréèjì ní Gosforth, lẹ́bàá ìlú Newcastle. Oníṣègùn kan ló ra ọkọ̀ náà ní 1955, ó wà á fún ọdún mélòó kan, ó gbé e kalẹ̀ ní 1960, kò sì tún wà á mọ́ títí ó fi kú ní 2007. Ní oṣù Kejì ọdún 2009, Bonhams tà á ní Paris ní nǹkan bí mílíọ̀nù 3.4 yúrò. Earl Howe, ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ eré ìje ilẹ̀ Britain, ló kọ́kọ́ ra ọkọ̀ yẹn ní tuntun. Ẹ fi èyí wé Jaguar E-Type, ọkọ̀ arẹwà tó ya gbogbo ayé lẹ́nu ní Geneva lọ́dún 1961. Jaguar ṣe ju 72,000 lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, àwọn dókítà, lọ́yà àti oníléeṣẹ́ ló wà wọ́n. Ní ti àwọn wọ̀nyẹn, kò sí òṣèré, kò sí ìje, kò sí ìtàn. Síbẹ̀ èdè Baillon ni ẹni tó ń ta òkú E-Type ń fọ̀.

Ó tún yẹ ká bi ara wa bí ọkọ̀ olówó gọbọi ṣe ń di ẹdun arinlẹ̀. Ikú ẹni tó ni ín wà níbẹ̀, ìkọ̀sílẹ̀ tọkọtaya àti gbèsè náà kò gbẹ́yìn. Àmọ́ èyí tó wọ́pọ̀ jù kò ní ariwo nínú: ìwé owó àtúnṣe kan dé, ẹni tó ni ọkọ̀ wò ó, ó sì ní kí wọ́n ṣì jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná. Ferrari F355, tí wọ́n ṣe láàárín 1994 sí 1999, jẹ́ àpẹẹrẹ gidi. Bẹ́líìtì rọ́bà ló ń da àwọn fáàfù ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìyípo písítìnnì. Bẹ́líìtì yẹn ń gbó bí ọkọ̀ tilẹ̀ dúró sójú kan, torí náà ọdún ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀, kì í ṣe máìlì nìkan. Kí mẹkáníìkì tó lè pààrọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó ní láti sọ gbogbo ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kúrò lábẹ́ ọkọ̀. Olówó ọkọ̀ sún un síwájú lọ́dún àkọ́kọ́, ó tún sún un lọ́dún kejì. Kò lè wà á mọ́, ẹ̀rù ń bà á pé bẹ́líìtì lè já, kí fáàfù àti písítìnnì sì kọlu ara wọn. Bátìrì kú. Wọ́n fi tapólì bò ó.

Lábẹ́ irú tapólì bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ibi ti ń lọ láìdáwọ́ dúró. Bẹntiróò àtijọ́ ń gbẹ, ó ń di ohun tó ń lẹ̀ bí oje igi sínú kábúrétọ̀ àti ọ̀nà epo. Òróró bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi náà á sì jẹ ara irin tó wà nínú bíréèkì títí kò fi ní lè sún mọ́. Omi inú rédíétọ̀ náà ní oògùn tó ń dáàbò bo irin; bí oògùn yẹn bá ti lo ọdún rẹ̀ tán, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ orí ẹ́ńjìnnì tó bá jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù. Eku á wọlé. Eku fẹ́ràn ṣíṣe ìtẹ́ sínú tìmùtìmù aláwọ, wáyà sì ni ó fi ń pọ́n eyín.

Ara E-Type ló yẹ kéèyàn ti wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọkọ̀ náà kò ní ṣáásí ńlá tó gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àpótí irin méjì tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo rẹ̀. Inú wọn ṣófo, omi máa ń wọ ibẹ̀, inú náà ni ìpáàrà ti ń bẹ̀rẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tí ihò kékeré bá yọ síta, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun. Àwọn ọ̀pá onígun mẹ́rin tó gbé ẹ́ńjìnnì níwájú náà ń dógùn-ún láti inú. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ yẹ̀ wò kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹ́ńjìnnì. Ó máa ń ṣí ilẹ̀kùn, á pa á dé, á wo àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀, lókè àti nísàlẹ̀. Bí àlàfo náà bá fẹ̀ lápá kan tó sì há lápá kejì, ọkọ̀ ti tẹ̀ láàárín. Bí wẹ́dà tí kò mọṣẹ́ bá sì gé irin tó bà jẹ́ kúrò láìkọ́kọ́ fi ọ̀pá gbé ara ọkọ̀ dúró, títẹ̀ yẹn á di ti ayérayé.

Ti bíréèkì ẹ̀yìn tún wà. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹni tó bá yọ táyà ti rí bíréèkì. Lórí E-Type, àárín gbùngbùn abẹ́ ọkọ̀ ni bíréèkì ẹ̀yìn wà, ó lẹ̀ mọ́ dífáráńsà, ibi tó há gádígádí. Mẹkáníìkì tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa sábà máa ń sọ gbogbo férémù ẹ̀yìn kalẹ̀. “Bíréèkì ló kàn di,” ni ẹni tó ń tà á yóò wí, bí ìgbà tó jẹ́ iṣẹ́ ọ̀sán kan.

Owó wá ńkọ́? Ká ní E-Type tó dára, tó ń rìn, tí kò ní ẹjọ́ lára, ń lọ ní £90,000 ní Britain. Ká ní àtúnṣe òkú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lọ́wọ́ àwọn tó mọṣẹ́, ń gba £120,000. Lórí ìwé, òkú yẹn kò tó kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá fi ta ẹnì kan lọ́rẹ gan-an, £30,000 ni ẹni náà yóò pàdánù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á ń béèrè £40,000. Ohun tó ṣe ni pé ó mú owó ọkọ̀ tó ti parí, ó yọ iye kan kúrò nínú rẹ̀ fún ìyọnu, ó sì pe èyí tó ṣẹ́ kù ní iye ọkọ̀ rẹ̀. Gbogbo àìdọ́gba ọjà yìí, ibẹ̀ ló ti ń wá. Òkè ni wọ́n ti ń ka owó bọ̀ wálẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti kà á lọ sókè: kí ni irin yìí, kí ni yóò ná mi, kí ni yóò dà.

Jaguar fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ká rí bí iṣẹ́ náà ṣe tó. Lọ́dún 2017, ilé iṣẹ́ náà gbé ètò kan jáde níbi tó ti ń wá àwọn E-Type àtijọ́ rí, tó ń tú wọn, tó sì ń tún wọn kọ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Coventry. Iye owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti £285,000. Àwọn tó ni àwòrán ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọkọ̀ ni wọ̀nyí o.

A kò sì lè sọ pé ẹ̀yà ara E-Type ṣòro rí. Ilé iṣẹ́ Martin Robey ní Nuneaton ń ṣe irin ara rẹ̀ ní tuntun. Wákàtí ọwọ́ èèyàn ló ń jẹ owó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn tí òkú E-Type ń ṣe lóore ní Britain ni àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe é ní òpin ọ̀sẹ̀, tí wọn kì í sì í ka wákàtí. Ìgbádùn ni wọ́n fi ń ṣe, wọn kò retí èrè.

Ferrari 400 burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ máa ń fani mọ́ra ju ti gbogbo wọn lọ. Ọdún 1976 ló jáde, ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì sìlíńdà 12, Ferrari àkọ́kọ́ tó ní jíà tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀. Àwọn alárìíwísí kò fẹ́ràn rẹ̀, kò sì ní ìtàn ìje. Torí náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, iye tí wọ́n ń tà á kò tó ìdá kan nínú márùn-ún iye tí wọ́n ń ta Ferrari Daytona. Ọmọkùnrin kan rí i, ó rò pé òun ti rí ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ ilé Ferrari. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì sìlíńdà 12 kò mọ̀ pé ara ọkọ̀ tó pọ́ọ́kú lòun wà. Fáàfù 24, kábúrétọ̀ onílé-méjì mẹ́fà lórí àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ìfúnpo Bosch lórí 400i tó tẹ̀ lé e: bí epo bá ti gbẹ sínú wọn, owó tí wọ́n ń gbà lórí Daytona náà ni wọ́n ń gbà. Ó máa ń pani lẹ́rìn-ín pé jíà rẹ̀ nìkan ni nǹkan tó rọrùn lára rẹ̀, torí General Motors ló ṣe é, Amẹ́ríkà sì kún fún irú rẹ̀.

Ẹni tó ní Toyota l'Ékòó lè wọ ọjà Ládípọ̀ lówùúrọ̀, kó bọ́ síta lọ́sàn-án pẹ̀lú ohun tó ń wá lọ́wọ́. Ferrari 400 kò ní Ládípọ̀. Gíláàsì iná ẹ̀yìn tó fọ́, pánẹ́ẹ̀lì dáṣíbọ́ọ̀dù tí oòrùn ti sán, bọ́tìnnì kékeré tó ń ṣí fèrèsé: àwọn ohun yẹpẹrẹ wọ̀nyí ló ń dá iṣẹ́ dúró fún oṣù mẹ́fà.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé DeLorean ní Ládípọ̀ tirẹ̀. Nǹkan bí 9,000 ni wọ́n ṣe ní Dunmurry, lẹ́bàá Belfast, láàárín 1981 sí 1982, kí ilé iṣẹ́ náà tó wó. Ẹ̀yà ara tí wọn kò tíì lò ṣẹ́ kù ní ìdì ìdì, ó sì ti wà ní Humble, ìpínlẹ̀ Texas, báyìí, níbi tí wọ́n ti ń tà á. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí Volvo àti Peugeot náà lò. Àbùkù rẹ̀ wà níbòmíràn. Irin tí kì í dógùn-ún ni wọ́n fi ṣe awọ rẹ̀, wọn kò sì kùn ún ní pẹ́ńtì, torí náà pánẹ́ẹ̀lì bítà kò lè fi pọ́tì dí ibi tó bá tẹ̀. Férémù tó wà nísàlẹ̀ awọ náà sì jẹ́ irin lásán tí wọ́n fi ọ̀dà bò. Bí ọ̀dà bá ti sán, ó ń jẹ gẹ́gẹ́ bí irin yòókù. Olùrà tó rí awọ tó ń kọ mànà kò rántí bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́.

Àwọn kan wà tí wọn kò ní kí wọ́n tún nǹkan kan ṣe rárá. Lóṣù Keje ọdún 2009, wọ́n fa Bugatti Brescia ti ọdún 1925 jáde láti ìsàlẹ̀ adágún Maggiore, níbi tó ti wà láti àwọn ọdún 1930. Bonhams tà á lóṣù Kíní ọdún 2010 ní €260,500. Mùsíọ́ọ̀mù Mullin ní Oxnard, California, tó rà á gbé e kalẹ̀ bó ṣe jẹ́ gan-an, tòun ti ihò ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó parọ́ fún ẹnì kan níbẹ̀. Òkú ni wọ́n pè é, òkú ni wọ́n rà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ra “iṣẹ́ díẹ̀ ló kù” kì í parí rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọkọ̀ náà á tún dé ọjà, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí inú àpótí ló wà. Wọ́n ti kun ara rẹ̀, ẹ́ńjìnnì wà ní túútúú lórí tábìlì, àga wà lókè àjà, bóòtù wà nínú ọ̀rá tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan sí lára. Ìpolówó tuntun á ní èyí tó le jù ti parí. Owó rẹ̀ sì máa ń ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ẹni tó ń tà á ti ro gbogbo rìsíìtì pẹ́ńtì àti wẹ́dà mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà jìnnà sí ojú títì ju ọjọ́ tó kọ́kọ́ rà á lọ. Ẹni tó tú u nìkan ló mọ ibi tí bóòtù kọ̀ọ̀kan ti wá, òun náà sì ti ń gbàgbé. Olùrà tó mọṣẹ́ máa ń béèrè ohun méjì: ìwé tí ilé iṣẹ́ fi to ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n ti fi àmì sí ohun tó wà àti ohun tí kò sí, àti fọ́tò tí wọ́n yà bí wọ́n ṣe ń tú u. Bí kò bá sí ìkankan nínú méjèèjì, iye tó ń dá ni iye tí ṣáásí, ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì tí nọ́ḿbà wọn bára mu lè mú wá bí wọ́n bá tà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.